Sátidé Tí Gbénró Wọ Inú Adágún

Ọdún kejì lẹ́yìn tí àrùn kòrónà kásẹ̀ nílẹ̀ ni ohun tí mo fẹ́ kọ yìí ṣẹlẹ̀, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ní àkókò tí omi adágún máa ń fà sẹ́yìn tí ilẹ̀ etí rẹ̀ á wá fẹ̀ bíi pápá bọ́ọ̀lù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń lọ síbẹ̀ lónìí láti ya fọ́tò, ẹ ń rí okùn aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n nà sórí omi. Ẹ ń rí àwọn òṣìṣẹ́ tó wọ ẹ̀wù pupa, tí wọ́n ń fọn fèrè mọ́ yín pé kí ẹ má kọjá okùn náà. Ẹ lè rò pé bó ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan kú kí okùn yẹn tó débẹ̀, mo sì wà níbẹ̀ nígbà tó kú. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ibi ìgbafẹ́ náà nígbà yẹn. Mo ti pẹ́ kí n tó kọ ọ́. Ojú ló ń tì mí.

Ẹ̀yìn Aduwawa ni adágún náà wà, ibi tí èèyàn máa ń yà sí kó tó jáde sí títì tó lọ sí Auchi. Ìjọba ló dí odò kan níbẹ̀ láyé àtijọ́ kí ará ìlú lè rí omi mu. Nígbà tó yá, wọ́n sọ etí omi náà di ibi ìgbafẹ́ gbogbo ayé. Nígbà tí mo kúrò ní Ìkàrẹ́ wá sí Benin, tí mo gba iṣẹ́ síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè wọlé. Bẹ́ǹṣì onísìmẹ́ńtì wà lábẹ́ igi, àtíbàbà onípáànù wà fún òjò àti oòrùn, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọkùnrin wà lọ́tọ̀, ti obìnrin wà lọ́tọ̀, omi ẹ̀rọ sì ń yọ nínú wọn. Tó bá di Sátidé, àwọn ará Iyaro, àdúgbò wa, á kó ìrẹsì sínú kúlà, wọ́n á kó ẹní, wọ́n á kó ọmọ, wọ́n á wá tẹ́ ẹní sórí koríko. Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ló ń gba gbogbo ibẹ̀. Ọjọ́ kejì Iléyá, ó di ti àwọn Mùsùlùmí. Ìyàwó mi, tó ń ta gàrí àti ẹ̀wà ní ọjà Santana, máa ń tètè palẹ̀ mọ́ ní Sátidé kí òun àti Fúnmi, ọmọ wa obìnrin, lè wá bá mi níbẹ̀. Ìyàwó mi kì í fẹsẹ̀ kan omi. Ó kàn máa ń jókòó, á bọ́ bàtà, á máa wo omi. Ó ní ibẹ̀ nìkan ni òun ti ń gbọ́ èémí ara òun ní gbogbo Benin.

Iṣẹ́ tiwa ni láti máa ṣọ́ àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́. Ẹ̀ṣọ́ omi ni wọ́n ń pè wá. A jẹ́ méjìlá. A ní ilé ìṣọ́ onígi tí a máa ń gùn, a ní túbù táyà ọkọ̀ ńlá tí a máa ń jù sí ẹni tó bá fẹ́ rì, a ní okùn tó fi ibi tí omi ti jìn hàn, a sì ní ọkọ̀ ojú omi kan tó ń lo ẹ́ńjìnnì. Nínú gbogbo wa, kò sí ẹni tó mọ omi tó Gbénró.

Benin ni wọ́n bí Gbénró sí. Ará Ìlá ni bàbá rẹ̀, tẹ́lọ̀ ni. Yorùbá rẹ̀ máa ń já sí Pijin láàárín ọ̀nà, àmọ́ kì í bá àgbà sọ̀rọ̀ láìlo ẹ. Itohan, ọmọ Edo, ni ìyàwó rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá Gbénró ló ti kọ́ Yorùbá, Yorùbá tirẹ̀ sì dá ṣáká ju ti ọkọ rẹ̀ lọ. A máa ń fi Gbénró ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ẹ̀. Òun ló kọ́ Fúnmi mi ní ìlúwẹ̀ẹ́. Ó máa ń fi ọwọ́ kan gbé ọmọ náà ní ikùn, á máa sọ fún un pé, "Fúnmi, no fight the water. E no dey fight you."

Ohun tó ba ibi ìgbafẹ́ náà jẹ́ kò ṣòroó sọ. Ìjọba gbé ibẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe kan pé kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe fún wa. Wọ́n fi irin gbé ọgbà yí apá ìwọ̀ oòrùn ká, ibi tí iyanrìn wà tí omi kò ti jìn. Wọ́n kọ́ ibi ọtí síbẹ̀, wọ́n gbé àga tí èèyàn ń dùbúlẹ̀ lé síbẹ̀, wọ́n ra alùpùpù orí omi, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀ kó gba tíkẹ́ẹ̀tì. Apá ìlà oòrùn ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ará ìlú. Àwa tí a mọ omi yẹn mọ̀ pé apá náà kò dára. O máa gbé ẹsẹ̀ kan, omi á dé orókún rẹ. O máa gbé ìkejì, o ò ní bá ilẹ̀ mọ́. Wọ́n ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà lápá yẹn pa. Wọ́n gba ọkọ̀ ojú omi wa lọ sínú ọgbà láti máa fi gbé àlejò ṣeré. Okùn wa jẹrà, ó já, ìdajì rẹ̀ rì sínú omi, kò sẹ́ni tó fà á jáde. Méjìlá tí a jẹ́ di márùn-ún.

A kọ lẹ́tà. Èmi ni mo kọ wọ́n, lẹ́tà mẹ́ta, mo sì ní ẹ̀dà wọn títí di òní. Lẹ́yìn ìkẹta ni máníjà ilé-iṣẹ́ náà ní kí a wá rí òun. Èmi àti Gbénró la lọ. Ọkùnrin náà kò lejú mọ́ wa, ó tilẹ̀ fún wa ní omi tútù mu. Òyìnbó la jọ sọ, mo ń tú u sí Yorùbá fún yín ni.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ti gba ọkọ̀ ojú omi lọ́wọ́ wa. Kí la máa fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó bá ń rì?"

Ó ní, "Ṣebí ẹ mọ ìlúwẹ̀ẹ́? Ohun tí a ṣe gbà yín síṣẹ́ nìyẹn."

Gbénró dá sí i. "Ọ̀gá, ẹni tó bá ń rì máa ń dì mọ́ ẹni tó fẹ́ gbà á là. Bí kò bá sí táyà lọ́wọ́ ẹni, bí kò sí okùn, àwọn méjèèjì ló ń lọ. Okùn tó já tó wà nísàlẹ̀ omi yẹn náà ńkọ́? Ó lè wé mọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀."

Máníjà ní, "Kí wọ́n má lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. A ti kọ ọ́ sí pátákó."

Mo ní, "Bí wọ́n bá wá fẹ́ lúwẹ̀ẹ́, níbo ni kí wọ́n lọ?"

Ó na ọwọ́ sí ọgbà irin tó wà lójú fèrèsé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn la pe ìpàdé gbogbo òṣìṣẹ́, àwa ẹ̀ṣọ́ omi, àwọn tó ń gbálẹ̀, àwọn tó ń ṣọ́ géètì. Èmi ni mo gbé e kalẹ̀ pé kí a yanṣẹ́ lódì láti Ọjọ́bọ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má sì wọ inú omi títí wọ́n á fi dá ọkọ̀ ojú omi padà, tí wọ́n á sì ra okùn tuntun. Mo sọ ọ́ dáadáa lọ́jọ́ náà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Gbénró ló na ọwọ́ sókè tó béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, bí èèyàn bá rì nígbà tí a bá jókòó sẹ́nu géètì ńkọ́?"

Mo dá a lóhùn pé, "A máa sọ fún gbogbo ẹni tó bá ń wọlé pé kò sí ẹ̀ṣọ́. Ọrùn ẹni tó bá ṣí géètì fún wọn ni ìyókù wà."

Ó mi orí. Nígbà tí a ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn nawọ́, òun ló nawọ́ kẹ́yìn.

Ọjọ́bọ̀ kọjá, Ẹtì kọjá, kò sí wàhálà, èèyàn kì í pọ̀ níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Ní Sátidé, a ti jókòó sẹ́nu géètì láti àárọ̀. A kọ ọ́ sára páálí pé kò sí ẹ̀ṣọ́ lómi lónìí, a kọ ọ́ ní òyìnbó, a kọ ọ́ ní Edo, Gbénró ní kí a kọ ọ́ ní Yorùbá náà. Àwọn kan kà á, wọ́n yí ọkọ̀ wọn padà. Àwọn kan sọ pé àwọn kò wá lúwẹ̀ẹ́, koríko làwọn wá jókòó sí. Nígbà tí máníjà rí i pé àwọn èèyàn ń padà, ó jáde wá fúnra rẹ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ń juwọ́ sí wọn: "Make una enter jare. No mind them. Everywhere dey safe."

Lẹ́yìn ọ̀sán díẹ̀ ni bọ́ọ̀sì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì kan dé, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àdúrà ni, púpọ̀ nínú wọn wá láti Ondo àti Ekiti. Mo sún mọ́ ojú fèrèsé, mo sọ fún wọn ní Yorùbá pé kí wọ́n má fẹsẹ̀ kan omi o. Wọ́n ní, "Ẹ ṣé, sà, a ò ní wọ̀ ọ́." Wọn ò purọ́ fún mi. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n wá gbá.

Bọ́ọ̀lù yẹn náà ló yí wọ inú omi. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Àánú, tó wà ní ọdún kejì ní Yunifásítì nígbà náà, ló ká aṣọ rẹ̀ sókè tó wọlé lọ mú un. Omi dé orókún rẹ̀. Ó tún gbé ẹsẹ̀ kan.

Ẹnu géètì la wà tí a ti gbọ́ igbe. Ibi tí a jókòó sí kò jìnnà sétí omi, gbogbo wa rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń lu omi. Gbénró ti dìde kí igbe kejì tó jáde. Ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí. Mo na ọwọ́, mo dì í mú ní ọrùn ọwọ́.

Ohun tí mo sọ fún un nìyí, mi ò yọ nǹkan kan kúrò: "Dúró ná. Ọkọ̀ ojú omi wà lọ́wọ́ wọn, jẹ́ kí máníjà rán an. Bí a bá wọ omi báyìí, a ti sọ fún un pé a lè ṣiṣẹ́ láìsí nǹkan kan nìyẹn."

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ń rì."

Mo ní, "Mo rí i. Ọkọ̀ ti ń bọ̀."

Ọkọ̀ kankan kò bọ̀. Mo ń wò ó lọ́ọ̀ọ́kán nínú ọgbà, ẹni tó ń wà á jókòó sínú rẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn bóyá ẹnìkan máa sọ fún un pé kó lọ.

Gbénró tún ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀."

Kò já ọwọ́ rẹ̀ gbà. Ọkùnrin tó lágbára ni o, tó lè fi apá kan jù mí sẹ́yìn. Ó dúró kí n fi òun sílẹ̀, nítorí pé mo jù ú lọ, nítorí pé èmi ni akọ̀wé, nítorí pé ó nawọ́ níbi ìpàdé. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ń bẹ̀ mí. Nígbà náà ni mo tó fi í sílẹ̀.

Ó sáré, ó bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀ lórí eré, ó bẹ́ sínú omi. Ní àkókò tí mo fi dì í mú, omi ti gbé Àánú kọjá ibi tó ti ṣubú. Gbénró ní láti lọ sí ọ̀nà jíjìn, síbi tí a kò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dé rí. Ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọ náà dì mọ́ ọn lọ́rùn, ó rọra tú ọwọ́ rẹ̀, ó dá a dùbúlẹ̀ sórí ẹ̀yìn bó ṣe máa ń ṣe é, ó ń tì í bọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n tò wọ inú omi títí ó fi mu ẹni iwájú dé àyà. Ẹni iwájú na ọwọ́, ó gba ọmọ náà. Gbogbo èèyàn pariwo ayọ̀. Nínú ariwo yẹn, mo rí i tí Gbénró yíjú wo ẹ̀yìn rẹ̀, bíi pé ẹnìkan pè é. Ó wọlẹ̀. Ó tún yọ. Ọwọ́ rẹ̀ kan yọ lẹ́yìn ìyẹn. Kò tún sí nǹkan kan lójú omi mọ́.

Mo wọ inú omi, àwa mẹ́rin tó kù la wọlé. A bẹ́, a jáde, a tún bẹ́. Omi ibẹ̀ dúdú, ojú kò ríran nínú rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi fi máa dé, etí omi ti dákẹ́. Ẹni tó wà á ń sunkún, ó ní wọn kò fún òun láṣẹ. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Àìkú ni àwọn apẹja rí Gbénró. Okùn wa tó ti jẹrà ti lọ́ mọ́ ọn ní ọrùn ẹsẹ̀.

Fúnmi wà níbẹ̀. Ó gbé oúnjẹ wá fún mi lọ́sàn-án yẹn, ó dúró lẹ́yìn wa gan-an. Nígbà tí a délé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ní, "Daddy, why you hold am?"

Ní Ọjọ́ Ajé, máníjà lọ sórí rédíò. Ó ní ìyanṣẹ́lódì ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló pa ọkùnrin náà, ó ní bí àwa bá wà lójú iṣẹ́, kò ní ṣẹlẹ̀. Kò mẹ́nu ba ọkọ̀ ojú omi, kò mẹ́nu ba okùn. Irọ́ ni. Àmọ́ mi ò lè gbọ́ ọ kí n kàn bínú bí àwọn tó kù ṣe ń bínú.

Mo lọ kí Itohan. Ilé wọn kún fún èèyàn. Ó ní kí àwọn obìnrin tó yí i ká jẹ́ kí òun bá mi sọ̀rọ̀, ó mú mi lọ sẹ́yìnkùlé.

Ó ní, "Bàbá Fúnmi, ṣé òótọ́ ni pé ẹ di ọkọ mi lọ́wọ́ mú?"

Mo ní, "Òótọ́ ni."

"Báwo ló ṣe pẹ́ tó?"

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ mọ̀."

Mo ní, "Ó pẹ́. Ó bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì."

Ojú rẹ̀ gbẹ. Ó ní, "Wọ́n ti sọ fún mi pé ẹ fẹ́ lọ síbi tí máníjà wà ní Ọjọ́rú, gbogbo yín. Mo máa wà níbẹ̀. Kì í ṣe tìtorí yín o."

Ní Ọjọ́rú, a rìn láti Aduwawa dé ẹnu géètì adágún. A pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá, àwọn tó ń tajà ní ọjà Santana ti ṣọ́ọ̀bù wọn, àwọn apẹja tó rí i wá. Itohan wà níwájú, ó wọ dúdú. Àánú rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, Itohan kò lé e. Ohun tí a ń pariwo kò ju pé kí wọ́n dá ọkọ̀ ojú omi padà. Àwọn ọlọ́pàá ti wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí a tú ká, a jókòó sílẹ̀. Wọ́n yin tajútajú. Nínú èéfín yẹn ni wọ́n ti gbé èmi àti àwọn méjì mìíràn. A lo ọjọ́ mẹ́ta ní àtìmọ́lé. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọkàn mi balẹ̀ níbẹ̀ ju ilé lọ. Ní àtìmọ́lé, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni mí. Nílé, Fúnmi wà níbẹ̀.

Nígbà tí a jáde, a rí i pé àwọn aláṣẹ ti ń bẹ̀rù. Ìwé ìròyìn ti gbé ọ̀rọ̀ náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti fi fídíò ọjọ́ náà ránṣẹ́ káàkiri. Wọ́n pè wá sí ìpàdé. Ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀ ju ohun tí a béèrè lọ: ọkọ̀ ojú omi méjì fún apá ará ìlú, okùn tuntun, ẹ̀wù ìléfòó, ẹ̀ṣọ́ méjìlá bíi ti tẹ́lẹ̀, kí wọ́n sì ṣí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọgbà irin nìkan ni wọn kò ní yọ. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n mú ìwé kan jáde pé kí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i. Ó wà nínú rẹ̀ pé Gbénró fúnra rẹ̀ ló wọ inú omi, pé kò sí lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tó kú, pé kò sí àbùkù kankan lára ohun èlò tó ṣokùnfà ikú rẹ̀.

Mo ní, "Okùn yín wà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀."

Agbẹjọ́rò wọn ní, "Akọ̀wé, ẹgbẹ́ yín ló kéde pé kò sẹ́ni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Lẹ́tà ìyanṣẹ́lódì yín nìyí. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i."

Èmi ni mo fọwọ́ sí i lóòótọ́.

A gbé e lọ síwájú àwọn òṣìṣẹ́. A ránṣẹ́ pe Itohan. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àwọn kan ní a kò gbọdọ̀ ta orúkọ òkú. Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ ní, "Sátidé mìíràn ń bọ̀ ní ọ̀túnla. Àwọn ọmọ á tún wá." Alága wa yíjú sí Itohan, ó bi í pé kí ló rò.

Ó ní, "Ẹ fẹ́ kí n sọ pé kí ẹ fọwọ́ sí i, kí ó lè rọ̀ yín lọ́rùn. Mi ò ní sọ ọ́. Mi ò sì ní sọ pé kí ẹ má fọwọ́ sí i, nítorí èmi náà bímọ." Ó dìde, ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde.

Àwọn tó ní kí a fọwọ́ sí i ló pọ̀ jù. Mo fọwọ́ sí i lójú gbogbo wọn. Kí oṣù yẹn tó parí, ọkọ̀ méjì ti wà lórí omi. Wọ́n lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí ọdún náà tó parí, mi ò bá wọn jà.

Ohun tí a rí gbà kò kéré. Láti ìgbà náà, mi ò tíì gbọ́ pé omi gbé ẹnikẹ́ni lọ lápá ará ìlú. Mo mọ ẹ̀ṣọ́ kan níbẹ̀ tó ti fa èèyàn mẹ́ta jáde. Bí a kò bá fọwọ́ sí ìwé yẹn, bóyá ìdílé mìíràn ni ì bá máa sunkún lónìí. Nígbà mìíràn, mo máa ń sọ èyí fún ara mi, ó sì máa ń tó mi. Lọ́jọ́ mìíràn, kì í tó. Ọgbà irin ṣì wà níbẹ̀, ibi tó dára jù lọ nínú omi ìjọba ṣì jẹ́ ti ẹni tó bá lówó tíkẹ́ẹ̀tì. Ìyàwó mi kò lọ síbẹ̀ mọ́. Gbénró kò sì padà wá. Nínú ìwé ìjọba, alábẹ̀wò tó wọ inú omi ní ìfẹ́ ara rẹ̀ ni.

Ẹ̀yin tó ń bi mí bóyá ìyanṣẹ́lódì náà tọ́, mo gbà pé ó tọ́. Ohun tí kò tọ́ ni pé mo jẹ́ kí òfin tí èmi fúnra mi gbé kalẹ̀ níbi ìpàdé ga ju ọmọ tó ń rì lójú mi lọ. Kò sẹ́ni tó fi ipá mú mi. Bí ẹ bá ń darí ẹgbẹ́, ọjọ́ kan á dé tí ẹnìkan tó bọ̀wọ̀ fún yín á dúró de ọ̀rọ̀ yín, bí ọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ dára. Ẹ tètè sọ èyí tó dára.

Lọ́dún yìí, Itohan wá sílé mi ní Iyaro fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà náà. Àánú, tó ti di olùkọ́ báyìí, tẹ̀ lé e. Itohan kò jókòó. Ó ní àwọn fẹ́ lọ bá àwọn aláṣẹ kí wọ́n tún àkọsílẹ̀ náà kọ, pé Àánú ti kọ ohun tó mọ̀, pé ó ku èmi. Mo wọ bàtà, mo tẹ̀ lé wọn.

Ọ̀dọ́kùnrin kan ló jókòó nínú ọ́fíìsì tí a dé. Ó fa fáìlì náà yọ, ó ṣí i, ó wo ojú mi, ó tún wo ìwé.

Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ fọwọ́ sí èyí?" Yorùbá ló fi bi mí, ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu wa.

Mo ní, "Èmi ni."

"Kí lẹ tún wá ṣe báyìí?"

"Mo wá sọ pé irọ́ ni mo fọwọ́ sí. Ẹnu iṣẹ́ ni ọkùnrin náà kú sí."

Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó ní ọ̀gá òun kò sí nítòsí, kí a padà wá ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. A padà lọ ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, wọ́n tún ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun mìíràn. A ti lọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin báyìí. Lẹ́ẹ̀kẹrin, nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, Àánú bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ní wọn kò ní dá wa lóhùn láéláé. Itohan dì í lápá kó má baà ṣubú. Kò wo ojú mi, àmọ́ èmi ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Bàbá Fúnmi, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, aago mẹ́sàn-án ni wọ́n máa ṣílẹ̀kùn. Ẹ má pẹ́."